Bí mo ṣe lé ìwúkàrà kúrò ní kíláàsì àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta

Kò sí ọmọ ọdún mẹ́ta tó lè jẹ bísíkíìtì kí ilẹ̀ má bá a jẹ nínú ẹ̀. Méjìdínlógún irú wọn ló wà ní kíláàsì wa, nílé-ẹ̀kọ́ kékeré kan táwọn Júù ní ní Golders Green, Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí mo ti ń ran olùkọ́ lọ́wọ́. Lọ́dún 2024, alẹ́ Mọ́ńdè, 22 April, ni Àjọ Ìrékọjá wọn bẹ̀rẹ̀. Tọ́sìdé tó ṣáájú la ó gba ìsinmi, ni Mọ́rà (bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ obìnrin nìyẹn) bá ní kí n tètè mú iṣẹ́ ṣe.

Mo ti ka Ẹ́kísódù láìmọye ìgbà, pé kí ìwúkàrà má ṣe sí nílé fún ọjọ́ méje. Àwọn tí kò sí ní Ísírẹ́lì ń fi ọjọ́ kan lé e. Yíìsì ni mo rò pé wọ́n ń sọ. Àṣé ìyẹ̀fun àlìkámà, bálì, òótù, ráì tàbí spelt (ọkà kan tó jọ àlìkámà) tí omi bá ti kàn, tí iná ò sì kàn án láàárín ìṣẹ́jú 18, ó ti di ìwúkàrà.

Amọ̀ aláwọ̀ mèremère táwọn ọmọ fi ń ṣeré ló kọ́kọ́ lọ. Èmi fúnra mi ni mo fi ìyẹ̀fun, iyọ̀ àti omi rò ó lórí iná, odindi ike kan, inú garawa ìdọ̀tí ló bọ́ sí. Ó ku makaróní tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ bébà lára ògiri. Mo ní, "Mọ́rà, ta ló máa jẹ gọ́ọ̀mù?" Ó wò mí. "Bísí, mo mọ ẹni tó máa jẹ ẹ́, kíláàsì yìí náà ló wà." A já gbogbo ẹ̀ lulẹ̀.

Lego, bíríkì oníke táwọn ọmọ fi ń kọ́lé eré, ńkọ́? Mo dà á sínú àpò ìrọ̀rí, mo so ẹnu ẹ̀, mo jù ú sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Mo gbọn ìwé àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ààrò onípákó tí wọ́n fi ń dáná eré ni mo ti bá ègé challah kan, búrẹ́dì ọjọ́ Jímọ́ tí wọ́n ń dì bí irun. Ó ti le bí òkúta. Ẹnì kan ń yan án fún bèbí ni. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ amúlémóoru tí ọwọ́ ò wọ̀, mo da bílíìṣì sí i: ohun tí ajá pàápàá ò lè jẹ kì í ṣe oúnjẹ mọ́ lójú òfin wọn.

Kọ́bọ́ọ̀dù ìyẹ̀fun, a fi téèpù dì í pa. Rábì ló ń bá wọn ta ohun tó wà nínú ẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe Júù títí àjọ á fi parí. Mo ní ṣebí èmi náà rèé. Mọ́rà rẹ́rìn-ín, ó ní rábì ti ní oníbàárà tirẹ̀.

Bíbélì wa ní "àkàrà aláìwú". Ẹ̀wà ni àkàrà tiwa, kò sí ọkà márùn-ún yẹn nínú ẹ̀, mo bá ní kí n dín díẹ̀ wá fún wọn. Mọ́rà ní ó tì o. Àwọn Ashkenazi bíi tòun (àwọn Júù tó ṣẹ̀ wá láti àárín àti ìlà-oòrùn Yúróòpù) kì í jẹ ẹ̀wà, ìrẹsì tàbí àgbàdo lásìkò náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ Sephardi (àwọn Júù tó ṣẹ̀ wá láti Sípéènì àti Pọ́túgàl) ń jẹ ẹ́. Mo gbé àkàrà mi jókòó.

Ní Tọ́sìdé, a fi eré kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń wá ìwúkàrà nílé lálẹ́ tó ṣáájú àjọ. Àbẹ́là, ìyẹ́ àti ṣíbí onígi ni wọ́n ń lò. Tọ́ọ̀ṣì la fún tiwa dípò àbẹ́là. Ègé búrẹ́dì mẹ́wàá ni àṣà, mo fi bébà wé wọn, mo fi wọ́n pamọ́ káàkiri. Àwọn ọmọ rí mẹ́sàn-án.

A gbé àga, a tú tìmùtìmù. Mo ti gbàgbé ibi tí mo fi ìkẹwàá sí pátápátá. Mọ́rà ní àdúrà kan wà lédè Árámáíkì, pé èyí tójú ò rí kó dà bí erùpẹ̀ ilẹ̀, ṣùgbọ́n ká ṣì máa wá a ná.

Orí bọ́ọ̀sì ni mo ti ki ọwọ́ bọ àpò kóòtù mi. Mo tẹ Mọ́rà láago pé mo ti rí i. Ó ní, "Ibo ló wà?"

Mo ní inú mi ni.