Eku 25 Ṣòfò Lọ́jọ́ Kan: Bí Mo Ṣe Dán Ewé Àbámodá Wò

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Eku funfun 25 ni mo pa lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí n kò rí nǹkan gidi kan kọ sílẹ̀. Owó tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ kí n fi parí iṣẹ́ àṣekágbá ní yunifásítì ló bá a lọ. Lẹ́búlẹ́bú pákó ló sì fà á.

Orí ìyá mi ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Orúnkún ń dùn wọ́n, ó ń wú, wọ́n wá ń lo oògùn ara ríro láàárọ̀ lálẹ́. Orúnkún fúyẹ́, àmọ́ inú bẹ̀rẹ̀ sí í ta wọ́n. Dókítà ní ọgbẹ́ inú ni, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní ulcer. Ohun tí irú oògùn yẹn ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí ara pèsè èròjà kan tó ń jẹ́ prostaglandin. Prostaglandin yìí ló ń dá kún ara wíwú, òun náà ló sì ń dáàbò bo ògiri ikùn. Bí oògùn ṣe ń lé e kúrò ní orúnkún ló ń lé e kúrò ní ikùn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi mú àbámodá. Ìyá àgbà mi a máa fi ewé náà ra iná, wọn a fún omi rẹ̀ sí ìwọ́ ọmọ tuntun, wọn a tún fi lé ojú oówo. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè mú ara tó wú rọlẹ̀ láìdá ọgbẹ́ sí ikùn. Ọjà Bódè ní Ìbàdàn ni mo ti rà á. Ìyá ẹlẹ́wé tó tà á fún mi ní, "Ọmọ mi, má ṣe mú ọ̀dúndún o. Àbámodá ni í hu ọmọ létí ewé." Mo ní kí àwọn tó mọ ewé dunjú yẹ̀ ẹ́ wò: Bryophyllum pinnatum, bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ń pe àbámodá, ni lóòótọ́. Sísá a, lílọ̀ ọ́ àti rírẹ ẹ́ sínú ọtí kò lè fún ẹnikẹ́ni ní wàhálà.

Ti ara wíwú lọ geere. Mo fi abẹ́rẹ́ fa carrageenan, èròjà tí ń mú ara wú, 0.1 ml sí àtẹ́lẹsẹ̀ eku, mo sì ń fi òwú wọn ẹsẹ̀ náà yíká ní wákàtí wákàtí. Ní wákàtí kẹta, ẹsẹ̀ àwọn tó mu omi lásán ti wú gan-an. Ti àwọn tó mu ewé 400 mg fún kílò ara kò wú tó bẹ́ẹ̀ rárá. Inú mi dùn débi pé n kò sùn lóru ọjọ́ náà.

Ọgbẹ́ inú ló wá dá mi dúró. Eku gbọ́dọ̀ wà láìjẹun fún wákàtí 24, omi nìkan ni kó máa mu, kí ikùn lè ṣófo kí oògùn tó kàn án. Mo kó oúnjẹ kúrò láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé mo fún wọn ní ewé, lẹ́yìn wákàtí kan mo fún wọn ní indomethacin, ọ̀kan lára irú oògùn ara ríro tí ń dá ọgbẹ́ sí ikùn. Wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn náà mo la ikùn àkọ́kọ́. Ó kún fọ́fọ́! Lẹ́búlẹ́bú pákó tí mo tẹ́ sílẹ̀ fún wọn ni, òun àti ìgbẹ́ tiwọn fúnra wọn. Ìkejì rí bẹ́ẹ̀, ìkẹta rí bẹ́ẹ̀. Kódà àwọn tí mo fún ní omi lásán dípò ewé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ọgbẹ́ kankan. Bí ọgbẹ́ kò bá sí lára wọn, kí ni mo fẹ́ sọ pé ewé dá dúró?

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé eku a máa jẹ ìgbẹ́ ara rẹ̀. Kì í ṣe ebi nìkan ló ń mú un ṣe bẹ́ẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń jẹ ẹ́, torí ibẹ̀ ló ti ń rí fítámì tí àwọn kòkòrò inú ìfun rẹ̀ ń pèsè. Ìwé ìlànà wa kọ wákàtí 24 sílẹ̀, kò kọ irú àgò tí a ó kó wọn sí. Àgbàlagbà tó ń bójú tó ilé eku dúró níbẹ̀ nígbà tí mo ń kó oúnjẹ kúrò. Nígbà tí mo bi wọ́n, wọ́n ní àwọn rò pé mo mọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó lọ.

Àgò tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ wáyà ló yẹ, kí ìgbẹ́ lè máa jábọ́ sísàlẹ̀. Èyí tí wẹ́dà kọ́kọ́ ṣe, ihò rẹ̀ fẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ eku ń há sí i. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá kó tó ṣe òmíràn. Ẹni tó ń ta eku ní àwọn tó wà nílẹ̀ kò tíì tó 150 gíráàmù. Mo dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo tún fi ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ kí ilé lè mọ́ wọn lára.

Eku 27 ni mo rà lẹ́ẹ̀kejì. Kí n tó fún ẹnikẹ́ni ní oògùn, mo la méjì wò: ikùn méjèèjì ṣófo. Ká ní mo ti la ẹyọ kan bẹ́ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, 24 ì bá ṣẹ́kù. Lọ́tẹ̀ yìí, ikùn àwọn tó mu omi lásán kún fún àmì pupa àti ìlà ẹ̀jẹ̀. Ti àwọn tó mu ewé 400 mg, mo ní láti fi awò wá ọgbẹ́ kó tó hàn.

Ìyá mi ní kí n bá àwọn gbo ewé náà. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù, eku ni mo dán an wò, oògùn ni mo sì fi dá ọgbẹ́ yẹn sílẹ̀. Èyí tí kòkòrò Helicobacter pylori ń fà, tí Barry Marshall àti Robin Warren gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní 2005, iṣẹ́ mi kò kàn án. Wọ́n ti lọ ṣe àyẹ̀wò kòkòrò náà báyìí.

Mo fi àwọn àgò wáyà sílẹ̀ ní ilé eku, mo sì lẹ ìwé mọ́ ara ògiri níbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi ebi pa eku lórí lẹ́búlẹ́bú pákó.