Ọ̀bẹ Alágbẹ̀dẹ Tó Ń Dípẹtà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Oúnjẹ ni mo ń tà nítòsí ọjà Ìgbọ̀nà, ní Òṣogbo níbí. Ọ̀bẹ tí mo rà lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ mú ju gbogbo èyí tí mo ti lò rí lọ, ṣùgbọ́n bí mo bá fọ̀ ọ́ lálẹ́ tí mo jù ú sínú agbọ̀n abọ́, ilẹ̀ kì í mọ́ kí ó má ti yọ àmì pupa. Èyí tó ń dán tí mo ti ń lò tẹ́lẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé ayédèrú irin ni wọ́n tà fún mi ni?

Ìdáhùn: Rárá, irin gidi ni. Ọ̀bẹ tó ń dán yẹn ní chromium nínú, ìyẹn èròjà kan tí wọ́n máa ń yọ́ pọ̀ mọ́ irin, tí kì í sábà dín ní ìdá 10.5 nínú 100, èròjà yìí ló sì máa ń ta awọ fẹ́lẹ́ tí ojú kò lè rí bo irin náà, tí afẹ́fẹ́ àti omi kì í fi í ráyè jẹ ẹ́. Sípíríǹgì ọkọ̀ ẹrù ni àwọn alágbẹ̀dẹ wa sábà máa ń fi rọ tiwọn. Kábọ́ọ̀nù, irú èròjà tó wà nínú èédú, tó wà nínú irin yẹn ló jẹ́ kí ó le, kí ó gba ìpọ́n, kí ẹnu rẹ̀ sì pẹ́ kó tó kú. Ṣùgbọ́n kò ní awọ tí yóò dáàbò bò ó.

Omi tó dúró lójú rẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ wo ọ̀bẹ náà dáadáa láàárọ̀ ọ̀la: àwọn àmì pupa náà yóò rí roboto, nítorí pé ibi tí ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan jókòó sí mọ́jú ni ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀. Bí iyọ̀ bá wà nínú omi ọ̀hún, kíá ni yóò jẹ irin náà. Láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá tí òjò fi ń rọ̀ ní Òṣogbo, tí aṣọ pàápàá kì í tètè gbẹ lórí okùn, agbọ̀n abọ́ kì í ṣe ibi tí ọ̀bẹ yìí lè sùn. Ẹ má ṣe rì í sínú omi àwo. Bí ẹ bá ti gé nǹkan tán, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì má gbàgbé ibi tí irin ti wọ inú èkù, nítorí ibẹ̀ ni omi máa ń sá pamọ́ sí. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sítòsí ààrò fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ooru gbẹ ìyókù. Ẹ má gbé e lé iná o, nítorí bí irin náà bá gbóná jù, ẹnu rẹ̀ yóò rọ̀, kò sì ní mú mọ́.

Ìbéèrè: Alásè ni mí. Bí mo bá fi ọ̀bẹ mi gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tàbí àlùbọ́sà, ojú rẹ̀ á dúdú. Ojoojúmọ́ ni mò ń fi kànrìnkàn onírin họ ọ́ títí yóò fi funfun, síbẹ̀ ńṣe ló túbọ̀ ń dípẹtà.

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ìyá wa, ẹ má họ ọ́ mọ́. Dúdú yẹn kì í ṣe ìpẹtà. Oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń di dúdú bí ó bá ti kan irin, oje àlùbọ́sà àti ti ẹran tútù náà a sì máa yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Ìpẹtà pupa máa ń wú, ó máa ń ṣí bí eruku, omi á sì máa gba abẹ́ rẹ̀ jẹ irin lọ. Ṣùgbọ́n dúdú yìí lẹ̀ mọ́ irin típẹ́típẹ́, ó sì máa ń fa ọwọ́ ìpẹtà sẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè dá a dúró pátápátá. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá họ ọ́, irin tuntun lẹ ń ṣí sílẹ̀ fún omi. Bí ẹ kò bá dá wọn mọ̀ yàtọ̀, ẹ fi aṣọ funfun nù ún: ìpẹtà yóò fi pupa sílẹ̀ lára aṣọ. Ọ̀bẹ tí mo fi ń gé àlùbọ́sà nílé ti rí bí ọrùn àdàbà, ó dà bí aró níbí, ó dà bí eérú lọ́hùn-ún, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kí irú àwọ̀ yìí ba àwa ọmọ ìlú aró lẹ́rù.

Ìbéèrè: Alápatà ni mí. Mo máa ń fi epo pupa pa ọ̀bẹ mi kí n tó fi í sínú àkọ̀ awọ, síbẹ̀ inú àkọ̀ yẹn gan-an ló ti ń dípẹtà. Epo wo ló yẹ kí n lò?

Ìdáhùn: Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́, níbi tí ọ̀rọ̀ tiyín dé yìí, àkọ̀ ló ń ba ọ̀bẹ jẹ́. Awọ máa ń fa omi àti òógùn mu, ó sì máa ń pẹ́ kó tó gbẹ. Bí ẹ bá ti dé ilé, ẹ yọ ọ̀bẹ kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ gbé e kọ́ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.

Ní ti epo, epo pupa máa ń kan, kíkan rẹ̀ kò sì bá irin lára mu. Òróró sóyà máa ń lẹ̀ bí ó bá pẹ́. Àdí àgbọn sàn jù wọ́n lọ, nítorí kì í tètè bàjẹ́, àmọ́ ó máa ń dì bí ibi tó wà bá tutù ju ìwọ̀n 24 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, bí ẹ ti máa ń rí i láàárọ̀ ọyẹ́. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yọ́ ọ. Èyí tí mo yàn fún ọ̀bẹ tí a kò ní lò fún ìgbà pípẹ́ ni liquid paraffin, òróró aláìláwọ̀ tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà oògùn, nítorí òun kì í kan rárá. Ẹ̀kán méjì tó: ẹ fi pa á, kí ẹ tún fi aṣọ nù ún títí yóò fi ku fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Epo tí ẹ bá fi pa ọ̀bẹ tí kò tíì gbẹ, ńṣe ni yóò sé omi mọ́ abẹ́.

Ìbéèrè: Ọ̀bẹ tí bàbá mi fi sílẹ̀ ti pupa látòkè délẹ̀. Ṣé kí n jù ú nù ni?

Ìdáhùn: Ẹ má jù ú nù. Ẹ po eérú kíkùnà pọ̀ mọ́ òróró díẹ̀, kí ẹ fi kùùkù àgbàdo bù ú, kí ẹ máa fi ra ojú irin náà láti ìdí èkù lọ sí ṣóńṣó. Níbi tí ó bá ti le, ẹ fi oje òroǹbó wẹ́wẹ́ sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, nítorí oje náà kì í mọ ìgbà tí ìpẹtà tán, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin. Ẹ ṣàn án nù dáadáa, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi epo pa á. Bí ihò kéékèèké bá ṣẹ́ kù ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ lè máa lò ó bẹ́ẹ̀, kí ẹ sáà máa fọ inú ihò náà dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ihò náà bá dé ẹnu rẹ̀, ẹ gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ kí ó lọ̀ ọ́ kọjá ibẹ̀.