Bí Mo Ṣe Yanjú Ọ̀rọ̀ Orúkọ Tí Kò Bára Mu

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì lókè òkun, ẹ fetí sí èyí, torí owó oṣù yín ló wà níbẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ tó gbà mí yọ orúkọ àárín mi kúrò nínú ìwé àdéhùn. Káàdì ìgbélùú ní tirẹ̀ gbé orúkọ mi bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà. Ni báńkì bá ní méjèèjì kò bára mu, àwọn ò ní ṣí àkáǹtì. Láìsí àkáǹtì, owó oṣù ò lè wọlé, onílé sì ń retí owó ilé.

Ìlà méjì tó wà nísàlẹ̀ ojú ewé àwòrán nínú ìwé ìrìnnà, èyí tí ẹ̀rọ máa ń kà, ló tú u. Ẹ wò ó dáadáa: lẹ́yìn P àti àmì orílẹ̀-èdè, orúkọ ìdílé ló ń ṣáájú, lẹ́yìn náà <<, kí àwọn orúkọ yòókù tó tẹ̀ lé e. Kò sí àmì ohùn níbẹ̀ rárá. Mo dà á kọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó fi kọ lẹ́tà tó jẹ́rìí sí iṣẹ́ àti àdírẹ́sì mi, kó lu òǹtẹ̀ sí i. Olùkọ́ kan tó gbọ́ èdè ìlú bá mi dé báńkì. Wọ́n ṣí àkáǹtì náà lójú ẹsẹ̀.

Bí orúkọ inú ìwé ẹ̀rí yunifásítì yín bá yàtọ̀, ẹ tètè ṣàtúnṣe rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Láti òkèèrè, ó máa ń le.