Fọ́ọ̀mù Tí A Bu Ọwọ́ Lù Lẹ́ẹ̀mejì

Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún tó ra bẹ́ẹ̀dì 60 fún ilé ìwòsàn ìjọba kan. Owó ará ìlú ni a fẹ́ ná, ọ̀rọ̀ náà sì wúwo lọ́kàn mi. Èrò mi ni pé ọjọ́ tí a bá máa ṣí ìwé tí àwọn agbaṣẹ́ṣe kọ iye owó wọn sí ni kí n la ojú mi sílẹ̀ jù. Ọjọ́ yẹn gan-an ni nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, a ka iye owó kọ̀ọ̀kan sókè, wọ́n fọwọ́ sí i, a túká. Ṣáájú ọjọ́ náà àti lẹ́yìn rẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ìwé tó ṣàpèjúwe bẹ́ẹ̀dì ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Ẹni tó kọ ọ́ ní kí férémù rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 91.7, kó má lé, kó má dín, kí táyà abẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ aláwọ̀ búlúù. Mo bi nọ́ọ̀sì àgbà kan pé, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, kí ni àwọ̀ táyà ń ṣe fún aláìsàn?" Ó ní kò ṣe nǹkan kan fún un. "Ẹ kọ ọ́ pé kó lè gbé ẹni tó sanra, kí ibi orí rẹ̀ ṣeé gbé sókè, kí búrèkì rẹ̀ sì mú." Nígbà tí mo yẹ ìwé ìpolówó àwọn tó ń ta bẹ́ẹ̀dì wò, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo bá 91.7 lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó kọ irú àpèjúwe bẹ́ẹ̀ ti gbé iṣẹ́ fún ẹni tó wù ú kí ìkéde tó ń pe àwọn agbaṣẹ́ṣe tó jáde. A fa gbogbo rẹ̀ ya, a sì kọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ. A kọ bí a ó ṣe pín máàkì síbẹ̀ pẹ̀lú, a fi sínú ìkéde, kí ẹnikẹ́ni má baà yí i padà nígbà tó bá rí ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Fọ́ọ̀mù wá kàn. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, wọ́n pín ìwé kan fún wa pé a ò bá ẹnikẹ́ni tó ń díje tan. A bu ọwọ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ta ló ń díje nígbà yẹn? Kò tíì sí ẹnì kan. Ìwé yẹn ò lè mú ẹnikẹ́ni. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ìwà àjẹbánu, ti ọdún 2003, sọ ọ́ ní abala 9 pé kí àwọn tó ń rajà fún ìjọba lè jẹ́wọ́ ohun tó so wọ́n pọ̀ mọ́ ọjà kan pàtó. Pàtó yẹn ni mo dì mú. Lẹ́yìn tí a ṣí ìwé tán, mo kọ orúkọ ilé iṣẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde, mo lọ wá orúkọ àwọn tó ni wọ́n àti àwọn olùdarí wọn ní ibi tí wọ́n ti fi orúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, mo sì tún fọ́ọ̀mù pín.

Bàbá kan nínú wa ka tirẹ̀ títí, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó fi ìka lé ìlà kẹta. "Ọkọ àbúrò mi nìyí. Ṣé kí n kàn má fún wọn ní máàkì ni?" Mo ní, "Rárá o, sà. Ẹ ò gbọdọ̀ rí ìwé ẹnikẹ́ni, ẹ ò sì gbọdọ̀ wà nínú yàrá." Ó dìde, mo kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀, wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ilé iṣẹ́ àna rẹ̀ ṣì ń bá ìdíje lọ, nítorí níní àna kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá náà gan-an, torí kò sí ẹni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ nínú wa.

Níbi tí a ti ń yẹ ìwé wò, méjì jọ ara wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Ìṣirò ojú ìwé kẹrin ṣì nínú àwọn méjèèjì, iye kan náà ló sì fi ṣì. OECD, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lórí ọrọ̀ ajé, ti kọ ọ́ sínú ìtọ́sọ́nà rẹ̀ ti ọdún 2009 pé irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ àmì pé àwọn tó ń díje ti jọ gbìmọ̀. Ó ní kí a má bi wọ́n, kí wọ́n má baà fi ọwọ́ pa á rẹ́. A kó o fún àwọn tí òfin ní kó wádìí rẹ̀.

Nígbà tí a mọ ẹni tó borí, a kọ̀wé sí gbogbo wọn pẹ̀lú máàkì wọn, a sì dúró fún ọjọ́ 10 ká tó fọwọ́ sí àdéhùn, bí òfin ilẹ̀ Yúróòpù ṣe là á kalẹ̀. Ẹnì kan béèrè ìdí tí òun fi pàdánù, a fi hàn án, ó gbà.

Ìgbà tí ọjà dé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sinmi, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti lè fi ayédèrú rọ́pò ojúlówó. A ò jẹ́ kí ẹni tó yan agbaṣẹ́ṣe wà lára àwọn tó gba ọjà. Nọ́ọ̀sì àgbà yẹn ni a fi ṣe olórí wọn. Ó tẹ búrèkì bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, ó jókòó sí i, ó ní kí ọmọkùnrin kan tì í. Mẹ́rin yí lọ mọ́ ọn lábẹ́. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí wọn, ó kọ 56 sórí ìwé ìgbọjà, agbaṣẹ́ṣe sì kó mẹ́rin padà sínú ọkọ̀.