Géèmù tó ń mú ara ṣiṣẹ́ fún àgbàlagbà tó ní Down syndrome

Kẹ́ ẹ tó tan tẹlifíṣàn fún géèmù rárá, ẹ mú àgbàlagbà tó ní Down syndrome (ipò àbínibí tí kírómósóómù àfikún ń fà) lọ rí dókítà, yálà l'Ádó-Èkìtì tàbí ní Ìdó-Èkìtì. Kí wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò, nítorí nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní Down syndrome ni wọ́n bí pẹ̀lú àléébù ọkàn. Kí wọ́n yẹ ọrùn náà wò: iṣan tó so egungun òkè ọrùn pọ̀ máa ń dẹ̀ lára àwọn kan. Irú wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe géèmù ẹ̀ṣẹ́.

Wii, ẹ̀rọ géèmù tí Nintendo gbé jáde lọ́dún 2006, ti tó. Tòkunbọ̀ náà dára. Ẹ kó àga kúrò kí àyè bíi mítà méjì ṣí sílẹ̀. Ẹ so okùn rìmóòtì mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, gíláàsì tẹlifíṣàn lè fọ́. Bàtà kánfáàsì ni kó wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì.

Ẹ fi géèmù bowling (yíyí bọ́ọ̀lù lu àwọn igi) bẹ̀rẹ̀. Àlàyé gígùn kò wúlò. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ṣe é kó rí i. Ìṣẹ́jú 10, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹ máa fi 5 kún un díẹ̀díẹ̀ títí dé 30. Ẹ má fi ìlù ọkàn ṣe òṣùwọ̀n, torí tiwọn kì í sábà sáré tó ti ẹlòmíràn. Bó bá lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tí kò lè kọrin, agbára tó ń lò ti tó.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù: á jókòó, á máa mi ọrùn ọwọ́ lásán, torí ọwọ́ nìkan ni rìmóòtì ń mọ̀. Ẹ yan géèmù ijó tàbí ti ẹsẹ̀.

Bí NEPA bá mú iná, ẹ fi rédíò sí jùjú, kó jó ní àkókò yẹn gan-an.