Bí mo ṣe fi Revit wá ìwé ẹ̀rí EDGE fún ilé Alhaja

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fẹ́ fi háyà ni, ní Èkó. Alhaja tó ni ín fẹ́ gba EDGE, ìwé ẹ̀rí ilé tí kì í fi iná àti omi ṣòfò, èyí tí IFC, ọ̀kan nínú àwọn àjọ Báńkì Àgbáyé, gbé kalẹ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò lọ́jú pọ̀: kí iná tí ilé náà máa jẹ fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, dín sí ti irú ilé bẹ́ẹ̀ tí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ládùúgbò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti omi, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti ìnira tí ṣíṣe sìmẹ́ǹtì, irin àti ohun ìkọ́lé yòókù ń kó bá àyíká. Orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti ń ṣírò rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ìwé ẹ̀rí là ń sanwó fún.

Àríwá ni mo kọ́kọ́ mú. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ya ilé kó dúró ṣánṣán lórí pépà, a ó wá lẹ àmì àríwá mọ́ igun kan bí ẹni lẹ sítáǹpù. Nínú Revit, ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya ilé, mo yí True North (àríwá gidi) kó bá ibi tí àríwá wà lórí ilẹ̀ náà mu gan-an. Bí ìyẹn bá ti wọ́, irọ́ ni gbogbo òjìji tí kọ̀ǹpútà bá fi hàn wá.

Fèrèsé ni iṣẹ́ wà. EDGE fẹ́ mọ iye tí fèrèsé gbà nínú ògiri ìta, tòun ti férémù. Mo ní kí schedule, tábìlì tí Revit ń ṣe fúnra rẹ̀ láti inú àwòrán, fi ìbú àti gíga fèrèsé kọ̀ọ̀kan ṣírò àyè rẹ̀, mo sì kó ògiri tí mo kọ Exterior (ìta) sí jọ lọ́tọ̀. Ẹ kíyè sí i o: Revit ti yọ ihò fèrèsé kúrò nínú ìwọ̀n ògiri tó ń kọ fún wa. Àfi kéèyàn ro ti fèrèsé padà mọ́ ti ògiri kó tó pín in. Láìṣe bẹ́ẹ̀, gíláàsì ilé á pọ̀ lójú ìwé ju bó ṣe rí lọ, onílé á sì máa jìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá.

Pálọ̀ òkè kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Mo gbé oòrùn inú àwòrán sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, oṣù Kẹta. Ó gba abẹ́ ìbòrí fèrèsé wọlé, ó bo gbogbo ilẹ̀. Mo ní, "Mà, ẹ wò ó." Alhaja wò ó títí, wọ́n ní, "Ṣé ibí yìí lẹni tó máa sanwó fún mi máa jókòó sí?" Bí wọ́n ṣe gbà ká dín fèrèsé ẹ̀gbẹ́ yẹn kù nìyẹn, ká fi kọ́ńkéré tó dúró lóròó dí èyí tó kù, ká gbé àwọn ńlá lọ sí àríwá àti gúúsù. Bí mo ti ń yí fèrèsé ni schedule ń yí. Mo kàn ń gbé iye tuntun lọ sínú EDGE ni. Ọ̀pọ̀ onílé, sólà ni wọ́n ń sáré rà. Lójú tèmi, ẹni tí kò tíì dí oòrùn pálọ̀ rẹ̀ kò tíì débi sólà.

Ti omi kò gba wàhálà: ẹ̀rọ omi tí kì í da omi nù, àti àwo ìgbọ̀nsẹ̀ oníbọ́tìnnì méjì, ọ̀kan fún omi díẹ̀, èkejì fún omi púpọ̀. Ti ohun ìkọ́lé, búlọ́ọ̀kù oníhò la lò dípò èyí tó dí.

Ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́, ti àwòrán, ti wà lọ́wọ́ Alhaja. Ìkejì di ìgbà tí ilé bá parí, tí ọ́dítọ̀ bá fi ohun tí a kọ́ wé ohun tí a yà. Mo ti sọ fún fọ́mànù pé kó tọ́jú rìsíìtì gíláàsì àti ẹ̀rọ omi, kó sì ya fọ́tò búlọ́ọ̀kù kí wọ́n tó rẹ́ ògiri, torí ihò inú rẹ̀ kò ní í ṣeé rí mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.