Bí A Ṣe Ń Lo Ọ̀rọ̀ Náà "Kátálísìtì" Láìṣì Í Lò

Ẹ bi ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù pé kí ni kátálísìtì, yóò dáhùn kíá pé, "Ohun tó ń mú nǹkan yára ni." Ìdajì ìdáhùn nìyẹn. Ìdajì tó kù ni a kì í rántí, òun ni mo sì fẹ́ kí a fi ojú ara wa rí.

Ẹ kọ́kọ́ ra ìgò kékeré hydrogen peroxide tí wọ́n kọ 3% sí lára, ní ilé ìtajà oògùn. Ẹ ra ẹ̀dọ̀ màlúù tútù díẹ̀ lọ́wọ́ alápatà. Ẹ bu ṣíbí mẹ́ta oògùn náà sínú ife gíláàsì méjì, kí ẹ ju ẹ̀dọ̀ tó tó orí ìka sínú ọ̀kan. Kíá ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí omi ọṣẹ. Ọ́síjìn ló ń jáde. Èyí tí kò ní ẹ̀dọ̀ náà ń yí padà sí omi àti ọ́síjìn, àmọ́ ó lọ́ra débi pé ẹ lè jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi ṣú láìrí nǹkan kan. Bí ìhó bá rọlẹ̀, ẹ yọ ẹ̀dọ̀ náà, kí ẹ jù ú sínú oògùn tuntun. Yóò tún hó. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà: ó ṣiṣẹ́, kò sì tán. Kátálésì inú ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, ọ̀kan lára àwọn ẹ́ńsáìmù, ìyẹn kátálísìtì inú ohun abẹ̀mí. Ẹ̀dọ̀ tí a ti sè kò ní hó, nítorí ooru ti ba ẹ́ńsáìmù náà jẹ́. Ẹ má dé ife tó ń hó o, ẹ má sì jẹ́ kó ta sójú.

Jöns Jacob Berzelius, ará Swídìn, ló sọ ìṣẹ̀lẹ̀ yìí lórúkọ ní 1835. Kátálísìtì ń la ọ̀nà mìíràn fún ìyípadà, ọ̀nà tí òkè rẹ̀ kò ga, ìyẹn ni pé agbára tí ìyípadà náà nílò kó tó lè bẹ̀rẹ̀ kò pọ̀ mọ́.

Àwọn ìyá wa tó ń yan gàrí ti ń jẹ àǹfààní rẹ̀ tipẹ́. Línámárínì wà nínú ẹ̀gẹ́, inú rẹ̀ ni májèlé sáyánáìdì fara pamọ́ sí. Ẹ́ńsáìmù tí yóò tú u wà nínú ẹ̀gẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n wọn kì í gbé yàrá kan. Bí a bá rin ẹ̀gẹ́, ògiri àárín wọn wó, wọ́n pàdé, májèlé náà sì tú jáde. Omi tí a fún gbé díẹ̀ lọ, ooru agbada lé èyí tó kù. Ìdí rèé tí mo fi ń bẹ àwọn tó ń kánjú: ẹ jẹ́ kó lo ọjọ́ rẹ̀ nínú àpò. Kì í ṣe torí kíkan gàrí Ìjẹ̀bú nìkan.

Wàyí o, kí ẹ tó pe nǹkan ní kátálísìtì, ẹ bèèrè méjì: ṣé ìyípadà náà lè wáyé láìsí i, bó ti wù kó lọ́ra tó? Ṣé ó ṣẹ́ kù lẹ́yìn iṣẹ́? Kẹrosíìnì tí a dà sígi ìdáná jó tán, kì í ṣe òun. Omi eérú tí a fi ń ṣe ọṣẹ dúdú di ara ọṣẹ, kì í ṣe òun náà. Irin tí wọ́n fi ń mú kí náítírójìn àti háídírójìn di amóníà fún ajílẹ̀, òun gan-an ni.

Nínú àkàwé ńkọ́? "Ojúde Ọba ni kátálísìtì ọjà Ìjẹ̀bú-Òde." Mo gbà á: àwọn aláṣọ ti ń tà kí ọdún tó dé, ọdún náà kì í tán, ọjọ́ kẹta Iléyá ló tún ń padà. Àmọ́ owó tí a ná tán sórí òwò kì í ṣe kátálísìtì. Ẹ pè é ní ojú owó.